Ohun Tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Àyíká Ń Lọ Wò ní Ilẹ̀ Ogoni

Bí ìròyìn bá kàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rìnrìn-àjò lọ wo iṣẹ́ àyíká ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ará ìlú ni pé kí ni wọ́n lọ wò tí kò sí nílé. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé owó ìlú ni a fi ń rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣàlàyé ibi kan tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ àyíká láti ìpínlẹ̀ tí ń pèsè epo rọ̀bì fi ojú ara rẹ̀ rí, èyíinì ni ilẹ̀ Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers. A ó sọ ohun tí ó ba ilẹ̀ náà jẹ́, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ mọ́, ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń falẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ 9 tí ó wà lábẹ́ àjọ NDDC láti ọdún 2000, agbègbè Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ni a sì ti ń rí epo tí ó sọ wá di ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ojú Ogoni rí, ojú àwọn ará etí òkun wa ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ kékeré, ìjà ńlá

Ilẹ̀ Ogoni kò tóbi. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà níbùú lóròó lọ, ó sì pín sí ìjọba ìbílẹ̀ 4: Khana, Gokana, Tai àti Eleme. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja pípa ni iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 1958, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, wọ́n rí i ní ilẹ̀ Ogoni pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí kànga epo, ọ̀pá epo àti iná gáàsì fi gba àárín oko àti ilé kọjá.

Ní ọdún 1990 àwọn àgbààgbà Ogoni buwọ́ lu ìwé ẹ̀tọ́ kan, nínú èyí tí wọ́n ti béèrè ìpín nínú ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ wọn àti ààbò fún àyíká wọn. Ẹgbẹ́ MOSOP, tí òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa jẹ́ agbẹnusọ rẹ̀, kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993. Ọdún náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ Shell dá epo wíwà dúró níbẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀ lé e burú. Ìjọba ológun kó ọmọ ogun wọ ilẹ̀ náà, àìgbọ́ra-ẹni-yé dé sáàárín àwọn Ogoni fúnra wọn, wọ́n sì pa àwọn aṣáájú 4 nínú wọn ní Giokoo ní oṣù karùn-ún ọdún 1994. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun yẹgi fún Saro-Wiwa àti àwọn 8 mìíràn ní Port Harcourt, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bu ẹnu àtẹ́ lù. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu tó kéde ìdáríjì fún àwọn 9 náà.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti kẹ́míkà nìkan ni iṣẹ́ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbi tí ènìyàn ti rí ìbọn lọ́wọ́ ìjọba rí nítorí epo, kò lè ya ènìyàn lẹ́nu bí onílẹ̀ bá dá katakata dúró kí ó tó béèrè ẹni tí ó rán an wá. Epo kò sì tíì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1993, nítorí pé àwọn ọ̀pá ńlá tí ń gbé epo láti ibòmíràn lọ sí èbúté Bonny ṣì gba inú rẹ̀ kọjá.

Ohun tí koríko bò mọ́lẹ̀

Ìjọba àpapọ̀ ni ó pe UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó àyíká, láti wá ṣe ìwádìí. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Láàárín oṣù 14, àwọn olùwádìí yẹ ibi tí ó lé ní 200 wò, wọ́n tọ ipa ọ̀pá epo tí ó gùn tó kìlómítà 122, wọ́n ka ìwé ìtọ́jú aláìsàn tí ó lé ní 5,000, wọ́n sì bá ènìyàn tí ó lé ní 23,000 sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ìlú. Bí a bá ní kí òṣìṣẹ́ kan ka ìwé kan ṣoṣo kí ó tó wọkọ̀ lọ sí Ogoni, àbọ̀ ìwádìí yìí ni kí ó kà.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé ojú ilẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ. Koríko lè hù, ilẹ̀ lè tutù lójú, kí epo sì wà nísàlẹ̀. Àwọn kan ti gbà tẹ́lẹ̀ pé amọ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀ Ogoni kò ní jẹ́ kí epo rì wọlẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ìgbàgbọ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ibi 49 ni wọ́n ti bá epo nínú ilẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ mítà 5 ó kéré tán, ìjìnlẹ̀ tí ó ga ju ènìyàn méjì tí ó dúró lórí ara wọn lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn ní agbègbè náà, nítorí náà epo tí ó bá rì wọlẹ̀ kò ní pẹ́ dé inú kànga.

Ní Nisisioken Ogale, ní Eleme, àwọn ìdílé ń mu omi kànga tí kẹ́míkà benzene wà nínú rẹ̀ ní ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà. Benzene ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítòsí ọ̀pá epo ìjọba àpapọ̀ kan níbẹ̀, wọ́n rí epo tí a ti fọ̀ tí ó léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, tí nínípọn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ní Ejama-Ebubu, epo tí ó ti dà sílẹ̀ láti ohun tí ó ju 40 ọdún lọ ṣì wà nínú ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbìyànjú láti fọ ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn olùwádìí mú ibi 15 tí ìwé ilé-iṣẹ́ epo sọ pé fífọ̀ rẹ̀ ti parí, wọ́n sì tún wọn yẹ̀ wò. Ibi 10 nínú wọn ṣì ní epo tí ó ju ìwọ̀n tí òfin ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà lọ. Ní ibi 8, epo náà ti dé inú omi abẹ́ ilẹ̀. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti lóye. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ ilẹ̀ nígbà náà ni kí wọ́n tú ojú ilẹ̀, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún oòrùn àti kòkòrò. Ohun tí ó wà lókè ni ọ̀nà náà lè tọ́jú. Ohun tí ó ti wọlẹ̀ lọ kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan ń lọ lókè, òjò sì tún ń ṣan díẹ̀ nínú epo ojú ilẹ̀ lọ sínú odò. Bí a bá wá fi ojú lásán wo oko bẹ́ẹ̀, a ó ní iṣẹ́ ti parí.

Bí wọ́n ṣe ń fọ ilẹ̀

Àjọ HYPREP ni ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2016 ni igbákejì ààrẹ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, lọ ṣí i ní Bodo. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni àwọn agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ tó dé ojú iṣẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju ọdún méje lọ láti ìgbà tí àbọ̀ ìwádìí ti jáde kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. UNEP ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àtúnṣe gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30, àti pé ọdún 5 àkọ́kọ́ nìkan yóò ná ni bílíọ̀nù kan dọ́là.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò fara hàn bí ohun ìyanu. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ tí epo ti mu títí wọ́n á fi dé ibi tí ó mọ́. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde, wọ́n á kó o sórí ọ̀dà nylon tí ó nípọn, kí epo má baà tún jò wọlẹ̀, wọ́n á sì tò ó bí ebè gígùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ epo. Atẹ́gùn, omi àti ajílẹ̀ ni wọ́n nílò láti pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da ajílẹ̀ sí ebè náà, tí wọ́n ń wọ́n omi sí i, tí wọ́n sì ń fi katakata yí i padà láti ìgbà dé ìgbà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á bu erùpẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí epo inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí a fẹ́, wọ́n á dá erùpẹ̀ náà padà sínú kòtò. Omi tí ó bá gbá jọ sínú kòtò pàápàá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fà jáde, tí wọ́n sì sẹ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń ṣìnà. Nọ́ńbà méjì ni ó wà nínú ìlànà orílẹ̀-èdè wa fún epo inú ilẹ̀. Àkọ́kọ́ ni mílígíráàmù 5,000 nínú kílò erùpẹ̀ kan: bí epo bá dé ibẹ̀, dandan ni kí a dá sí i. Èkejì ni mílígíráàmù 50, èyí tí í ṣe ibi tí a ń fojú sùn kí ilẹ̀ tó padà sípò tí ó dára. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì pọ̀ jọjọ. UNEP kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ pé àwọn kan ń da méjèèjì rú mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń pa iṣẹ́ tì bí wọ́n bá ti dé abẹ́ 5,000. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún òṣìṣẹ́ wa ní ojú iṣẹ́ pé ilẹ̀ kan ti yege, kí ó béèrè pé nọ́ńbà wo ni ó fi yege, mítà mélòó nísàlẹ̀ ni wọ́n ti bu erùpẹ̀ náà, yàrá àyẹ̀wò ta ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó tún béèrè ibi tí omi òjò inú kòtò ń lọ. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò gba kí ènìyàn jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ẹrẹ̀ etí odò ní Bodo

Iṣẹ́ ti etí omi yàtọ̀ sí ti oko. Ní Bodo, ní Gokana, epo tú láti ara ọ̀pá ńlá Trans-Niger ní ẹ̀ẹ̀mejì ní ọdún 2008, ó sì bo odò àti igbó ẹ̀gbà mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbà ni àwọn igi etí omi oníyọ̀ tí gbòǹgbò wọn máa ń nà sókè lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò mọ̀ wọ́n dáadáa. Abẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni ẹja ń pamọ sí, ibẹ̀ ni akàn àti ìsáwùrú ń gbé, igi náà ni kò sì jẹ́ kí ìgbì jẹ etí ilẹ̀ run. Ara gbòǹgbò náà ni igi ti ń mí. Bí epo bá bò ó, igi á kú ní ìdúró.

Àwọn ará Bodo gbé ẹjọ́ wọn lọ sí London. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 55 owó pọ́n-ùn: mílíọ̀nù 35 fún ènìyàn 15,600, mílíọ̀nù 20 tí ó kù fún ìlú lápapọ̀. Owó náà dé ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n epo ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Ìgbìmọ̀ alárinà kan ni ó ní láti jókòó láàárín ìlú àti ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó lè fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe fọ nǹkan bí hẹ́kítà 1,000.

Wọ́n ń fi omi tí kò le púpọ̀ tú epo kúrò nínú ẹrẹ̀. Epo á léfòó, wọ́n á fi ohun ìdènà ká a mọ́ ojú kan, wọ́n á sì gbá a kúrò lójú omi. Ìgbà tí omi òkun bá fà sẹ́yìn nìkan ni wọ́n lè ṣe é, nítorí náà wákàtí iṣẹ́ kéré lójúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń gbin ọmọ ẹ̀gbà. Ọ̀tá mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe epo: ọ̀pẹ nípà, tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà sí Calabar ní ọdún 1906, máa ń yára gba ibi tí ẹ̀gbà bá ti kú, ẹja kò sì fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀ bí ó ti fẹ́ràn abẹ́ ẹ̀gbà.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti epo tí ń dà padà sórí ibi tí a ti fọ̀. Àwọn kan ń gbẹ́ ihò sára ọ̀pá epo, wọ́n ń se epo náà nínú àgbá nínú igbó láti fi ṣe dísù àti kẹrosíìnì, ìdọ̀tí rẹ̀ ń dà sínú odò. UNEP rí i pé láàárín ọdún 2007 sí 2011, bí iṣẹ́ yìí ṣe ń pọ̀ sí i ní Bodo West, ìdá 10 nínú 100 igbó ẹ̀gbà tí ara rẹ̀ ṣì yá ni ó run. Ọ̀daràn ni òfin pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ náà yóò rántí pé odò tí bàbá ọ̀dọ́ mìíràn nínú wọn fi ń jẹun ti kú kí ó tó di ọkùnrin. Àwọn ọmọ ogun lè ba ibi ìsepo jẹ́ lónìí. Bí kò bá sí iṣẹ́ mìíràn, òmíràn á yọ lọ́tùn-ún.

Bí a ṣe ń ṣàbẹ̀wò síbẹ̀

Fún ìdí èyí, àbẹ̀wò sí irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọba tàbí olórí ìlú ni a kọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe ojú iṣẹ́. Àwọn tí ó bá tẹ̀ lé àlejò lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ ju àlejò lọ: ọkọ̀ ológun mẹ́ta níwájú ọkọ̀ òṣìṣẹ́ àyíká lè mú kí gbogbo ẹnu tí a wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa dé. Ààbò ṣe pàtàkì, a kò sọ pé kí a fi ẹ̀mí wéwu, ṣùgbọ́n ará ìlú tí a bá rìn pọ̀ jẹ́ ààbò pẹ̀lú. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ti fi iṣẹ́ han àlejò tán, kí àlejò wá àwọn obìnrin tí ń ṣa ìsáwùrú kàn. Wọ́n mọ ibi tí epo ṣì ń yọ bí ẹsẹ̀ bá tẹ ẹrẹ̀.

Kí ó sì béèrè omi. Lára ohun tí UNEP ní kí a ṣe kíákíá ní ọdún 2011 ni pé kí a fi àmì sí gbogbo kànga tí epo ti wọ̀, kí a sì wá omi mìíràn fún àwọn tí ń mu ún. HYPREP ti kọ́ ilé omi sí àwọn ìlú kan, omi sì ń yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń bá a lọ láti mu omi tí wọ́n ti sọ fún wọn pé májèlé wà nínú rẹ̀. Bí a bá ní kí a sọ tinú wa, ibi yìí ni ó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ lè dúró de ẹ̀rọ. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè dúró.

Ohun tí a ó mú bọ̀ sí etí òkun wa

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ará Ìlàjẹ tí ó lé ní 100 lọ sí Parabe, ibùdó epo Chevron lórí òkun, nítorí omi àti igbó wọn tí ó bàjẹ́. Àwọn agbófinró yìnbọn, ènìyàn 2 kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní ọdún 2008. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, kànga epo Ororo-1 bú gbàù lórí òkun lẹ́bàá etí omi wa, iná rẹ̀ sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ Ogoni jìnnà sí wa.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kan láti Bodo wà tí gbogbo ará ìlú etí omi lè lò láìdúró de òṣìṣẹ́ kankan. Bí epo bá dà sílẹ̀, òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín fi tó NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìtúdànù epo, létí láàárín wákàtí 24. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́, ìjọba àti aṣojú ìlú yóò jọ lọ wo ibẹ̀, wọn yóò sì jọ buwọ́ lu ìwé kan. Nínú ìwé náà ni wọn yóò kọ ohun tí ó fa ìtúdànù, iye àgbá epo tí ó dà, àti bí ilẹ̀ tí ó kàn ṣe fẹ̀ tó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan ni ó ba ọ̀pá jẹ́, òfin kò ní kí ilé-iṣẹ́ san owó gbà-má-bínú. Ìwé kan ṣoṣo yìí ni ilé-ẹjọ́ yóò máa wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Àgbá 1,640 ni wọ́n kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìtúdànù àkọ́kọ́ ní Bodo. Onímọ̀ mìíràn tí ó wo àwòrán epo náà bí ó ti ń tú jáde ṣírò rẹ̀, ó sì ní ó ju àgbá 100,000 lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kéré ju ohun tí ó dà lọ. Nítorí náà, kí ìlú yan aṣojú tí ó mọ̀wé, kí ó má buwọ́ lu ìwé tí àyè kan ṣófo nínú rẹ̀, kí ó ya fọ́tò tí déètì hàn lára rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dí ibi tí ó ń jò, kí ó sì gba ẹ̀dà ìwé náà kí àwọn tí ó wá tó wọkọ̀ padà. Akọ̀wé ìlú ni kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ọba.